Wá Elmer Kó O Tó Wá Rédíò

Dayton, Ohio,
Amẹ́ríkà.

Káyọ̀dé, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Bá mi kí Màmá títí, kí o sì kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Àlàáfíà la wà níbí, a dúpẹ́.

Inú mi dùn jọjọ pé ham radio, rédíò tí aráàlú fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ láìgba owó, ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn. O ní kí n sọ irú rédíò tó o máa rà, kí n sì tú ẹnà táwọn oníham ń sọ fún ọ. Mo máa dáhùn, àmọ́ mi ò ní bẹ̀rẹ̀ látorí rédíò. Ẹni tó máa kọ́ ẹ ni kó o kọ́kọ́ wá, torí ẹnu rẹ̀ náà lo ti máa gbọ́ ẹnà yẹn dáadáa.

Elmer là ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Orúkọ èèyàn gidi ni. Elmer Frohardt, tí àmì ìpè rẹ̀, ìyẹn orúkọ tá a fi ń mọ̀ ọ́n lórí afẹ́fẹ́, jẹ́ W9DY, wà lára àwọn tó ń fa ọ̀gbẹ̀rì lọ́wọ́ wọ inú iṣẹ́ yìí. Ní oṣù March 1971, Rod Newkirk dárúkọ rẹ̀ nínú QST, ìwé ìròyìn ARRL, ẹgbẹ́ àwọn oníham Amẹ́ríkà, níbi tó ti ń yin irú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Látìgbà náà ni ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ ẹlòmíì ní ham ti di Elmer, ì báà jẹ́ ọkùnrin, ì báà jẹ́ obìnrin.

Má fojú ọ̀gá mẹkáníìkì wò ó. Kò sí ìwé àdéhùn, o ò ní máa fọ mọ́tò rẹ̀, kò sì sí owó fírídọ̀ọ̀mù. Gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ ni pé kí ìwọ náà kọ́ ẹlòmíì tó bá yá. Níbí, ibi ìdánwò ìwé àṣẹ ham ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdé Elmer wọn. Ó kéré tán, oníham mẹ́ta tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn ló ń bójú tó ìdánwò kọ̀ọ̀kan. Ti Technician, tó jẹ́ ìpele àkọ́kọ́, jẹ́ ìbéèrè 35, tó o bá gba 26, o ti yege. Lọ́jọ́ Field Day náà, ọjọ́ tí àwọn oníham ń gbé rédíò síta, ìyẹn òpin ọ̀sẹ̀ kẹrin tó pé nínú oṣù June, àwọn ẹgbẹ́ máa ń ya ibùdó kan sọ́tọ̀ tí wọ́n ń pè ní GOTA. Ọ̀gbẹ̀rì á jókòó sídìí máíkì, ẹni tó mọ̀ ọ́n á jókòó tì í. Nílé, NARS, ẹgbẹ́ àwọn oníham Nàìjíríà, ni kó o lọ bá. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó o bá rí níbẹ̀ bóyá ó ti kọ́ ẹlòmíì rí, àti bóyá ó lè jẹ́ kó o jókòó sínú shack òun, ìyẹn yàrá rédíò rẹ̀, kó o kàn máa wò. Ẹni tó bá jẹ́ pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ti fẹ́ ta boat anchor fún ọ, ìyẹn rédíò àtijọ́ tó wúwo bí òkúta, sá fún un. Ẹni tó bá sì ń já máíkì gbà lọ́wọ́ rẹ ní gbogbo ìgbà tó o bá ṣàṣìṣe, òun náà kọ́ ni Elmer tó o nílò.

Kó o tó ní ohunkóhun, máa tẹ́tí. Yunifásítì Twente ní Netherlands ní WebSDR kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè yí bí rédíò láìsan kọ́bọ̀. Fi sí USB (apá òkè ìgbì rédíò, kì í ṣe USB ti kọ̀ǹpútà), kó o máa gbọ́ láti 14.200 dé 14.350 MHz. Tó o bá sọ̀ kalẹ̀ sí 7.100 dé 7.200, yí i sí LSB, apá ìsàlẹ̀ ìgbì. Àṣà tó wà nílẹ̀ ni pé LSB là ń lò nísàlẹ̀ 10 MHz, USB lókè rẹ̀. Tó o bá ṣì í mú, o ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ní àgbọ́yé. Fi ọ̀sẹ̀ méjì gbọ́ ọ báyìí lálaalẹ́, kó o máa kọ gbogbo ẹnà tó o bá gbọ́ sílẹ̀, kó o wá gbé ìwé náà lọ bá Elmer rẹ.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn á jẹ́ Q code, tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe fáwọn ọkọ̀ ojú omi ní nǹkan bí ọdún 1909. QTH ni ibi tó o wà, QSO ni ìfọ̀rọ̀wérọ̀, QSB ni kí ohùn máa lọ kó máa bọ̀, QSY ni kó o ṣí lọ sí fíríkúẹ́ńsì míì, QRT ni pé o ti fẹ́ pa rédíò. QRM ni ariwo àwọn rédíò míì, QRN ni ariwo ààrá àti ojú ọjọ́. QRN yìí ló máa yọ ẹ́ lẹ́nu jù lórí 7 MHz nígbà òjò. QRP ni kéèyàn máa lo wáàtì 5 tàbí kó máà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní òun wà ní "barefoot" ń sọ pé kò sí amplifier nídìí rédíò òun. "Rag chew" ni ọ̀rọ̀ gígùn tí kò ní kánjúkánjú nínú. "Alligator" ni ẹni tẹ́nu rẹ̀ tóbi ju etí rẹ̀ lọ: ó ń dé ibi gbogbo, kì í gbọ́ ẹnikẹ́ni. "Lid" lorúkọ tí ò yẹ kí wọ́n fún ọ láé, oníwàkuwà orí afẹ́fẹ́ ni. Nígbà tí oníham bá kú, Silent Key là ń pè é, a ò ní fi orúkọ yẹn ṣeré.

Àwọn Elmer máa ń tún ọmọ wọn ṣe lórí ohun kékeré, ó sì dára bẹ́ẹ̀. "73" ni ìkíni tá a fi ń parí ọ̀rọ̀, ó ti wà nínú àkójọ nọ́ńbà Western Union láti 1859. Má sọ "73s", torí ìkíni púpọ̀ ló ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. "88" ni ti olólùfẹ́, má fún àjèjì. "10-4" ti CB, rédíò tí kò gba ìdánwò, ni, tó o bá sọ ọ́, wọ́n á ti mọ ibi tó o ti wá. Má sì rọ́ Q code kún ẹnu nígbà tó o bá ń fi ohùn sọ̀rọ̀. Orúkọ rẹ ni kó o dá, ìlú rẹ ni kó o sọ. Ó ṣeé ṣe kó ṣe ẹ́ bákan pé ọmọ ọdún 15 ń pe bàbá ọlọ́dún 80 lórúkọ, tó tún ń pè é ní OM. Àṣà ibẹ̀ ni, kì í ṣe àfojúdi: gbogbo ọkùnrin ni OM, gbogbo obìnrin ni YL, ọjọ́ orí ò sí níbẹ̀. Tó bá jẹ́ àgbàlagbà Yorùbá lò ń bá sọ̀rọ̀ lédè wa ṣá o, "ẹ" ni. Òfin gbà kí èmi àti ẹ sọ Yorùbá lórí afẹ́fẹ́, àmọ́ èmi tí mo wà ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ pe àmì ìpè mi ní Gẹ̀ẹ́sì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kí n sì tún un pè tá a bá parí.

Ibi tó ti máa le fún ọ jù ni pile-up, ìyẹn kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa pè ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí ọ̀gbẹ̀rì ibí lè lo ọdún mẹ́wàá kó tó bá irú rẹ̀ pàdé. Àmì ìpè Nàìjíríà, 5N, kì í sábà jáde lórí afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà fún DXCC, ẹ̀bùn àwọn tó ń bá orílẹ̀-èdè púpọ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tó o bá pe CQ, ìyẹn ìpè sí ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́, lórí 14 MHz tí ojú ọjọ́ sì dára, kí o tó pè é lẹ́ẹ̀mẹta, ọgọ́rùn-ún ènìyàn lè dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Tí gbogbo wọn bá wà lórí fíríkúẹ́ńsì tìrẹ, wọn ò ní gbọ́ ẹ, ìwọ náà ò ní gbọ́ ẹnì kankan. Split, ìyẹn kó o máa sọ̀rọ̀ lórí fíríkúẹ́ńsì kan kó o sì máa gbọ́ lórí òmíì, la fi ń yanjú ẹ̀. Rédíò máa ń ní VFO méjì, A àti B, tá a fi ń yan fíríkúẹ́ńsì. Fi VFO B sí 14.195, ibẹ̀ ni wàá ti máa sọ̀rọ̀, kó má kúrò níbẹ̀. Fi VFO A máa gbọ́ láàárín 14.200 sí 14.205, tẹ SPLIT, kó o wá sọ pé "listening up five to ten", ìyẹn pé ò ń gbọ́ ní kHz 5 sí 10 lókè ibi tó o ti ń sọ̀rọ̀. Tẹ PTT, bọ́tìnnì ìsọ̀rọ̀, kó o wo ojú rédíò: 14.195 ló gbọ́dọ̀ hàn. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà míì ló hàn, o ti gbé A sípò B nìyẹn, wàá sì máa rìn káàkiri lórí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíì.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n níbẹ̀. Tó o bá gbọ́ "Kilo Four" nìkan láàárín ariwo, ìyẹn K4, apá kan àmì ìpè ẹnì kan, dáhùn báyìí: "Kilo Four, five nine." Five nine, ìyẹn 59, ni pé ò ń gbọ́ ọ ketekete. Má béèrè orúkọ, má béèrè ojú ọjọ́. Dúró ti Kilo Four yẹn títí àmì ìpè rẹ̀ á fi pé, kódà tí àwọn míì bá ń pariwo lé e lórí. Ìgbà tó o bá fi í sílẹ̀ tó o dá aláriwo lóhùn, o ti kọ́ gbogbo wọn pé ariwo ló ń sanwó, apá rẹ ò sì ní ká wọn mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bó bá ti parí, sọ "thank you", pe àmì ìpè tìrẹ, kó o tẹ̀ síwájú. Pe àmì ìpè rẹ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan, torí ẹni tí ò mọ ẹni tó ń pè ló máa ń bínú. Tí wọ́n bá ṣì pọ̀ jù, fi nọ́ńbà inú àmì ìpè wọn pín wọn, láti 0 dé 9, ènìyàn márùn-ún fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Má bẹ̀rẹ̀ èyí tó o bá mọ̀ pé o ò ní lè dé 9. Iṣẹ́ Elmer lọ́jọ́ yẹn ni kó jókòó tì ọ́ pẹ̀lú headphone tiẹ̀, kó máa kọ log, ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tó o bá bá sọ̀rọ̀, kó o lè gbájú mọ́ gbígbọ́. Zulu, ìyẹn UTC, ni wọ́n fi ń kọ aago sínú log. Yọ wákàtí kan kúrò nínú aago Nàìjíríà. Tó o bá gbàgbé èyí, gbogbo log rẹ ò ní bá tàwọn ẹlòmíì mu.

Áńtẹ́nà ò gba owó púpọ̀. Fi MHz tó o fẹ́ pín 143, ìdáhùn rẹ̀ ni gígùn dipole, áńtẹ́nà wáyà ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì, ní mítà. Fún 14.2, mítà 10.07 ni, ìyẹn nǹkan bíi 5.03 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Gé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí 5.20 kó o tó gbé e kọ́, torí wáyà tó ti kúrú ò ṣeé fà gùn. Gbé e sókè tó mítà 7 sí 10, kó o wọn SWR, òṣùwọ̀n bí áńtẹ́nà ṣe bá rédíò mu. Tí ibi tó lọ sílẹ̀ jù bá bọ́ sí 13.8 MHz, ó ti gùn jù. Gé sẹ̀ǹtímítà 5 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, á gòkè ní nǹkan bíi 140 kHz. Tí SWR bá ti wà nísàlẹ̀ 1.5, fi í sílẹ̀. Àṣìṣe tí mo rí jù ni ti PL-259, ìyẹn orí wáyà tó ń wọ inú rédíò: òwú kan ṣoṣo lára wáyà ìta á fara kan ti àárín, SWR á sì fò sókè. Kó o tó so áńtẹ́nà mọ́ ọn, fi multimeter wò ó, àárín àti ara rẹ̀ ò gbọdọ̀ bára wọn pàdé. Tí òjò bá ń ṣú, yọ wáyà áńtẹ́nà kúrò lára rédíò, gbé e síta.

Rédíò wáàtì 100 máa ń fa nǹkan bíi 22 ampere ní 13.8 volt nígbà tó o bá ń sọ̀rọ̀. Wáyà 1.5 mm² tó gùn ní mítà 2 á jẹ fólítì 1 lójú ọ̀nà, ohùn rẹ á máa já tàbí kí rédíò kú. Lo 6 mm², kó o fi fúùsì sí ẹ̀bá bátìrì. Ìnfátà àti sólà tẹ́ ẹ ní nílé á pariwo nínú rédíò. Pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wàá mọ èyí tó jẹ̀bi.

Lẹ́yìn QSO, wọ́n á fẹ́ káàdì QSL, ẹ̀rí pé ẹ bára yín sọ̀rọ̀. Wọ́n á fi "green stamp" ránṣẹ́ nínú àpòòwé, dọ́là kan ni, owó ìfìwéránṣẹ́ tí wàá fi dá wọn lóhùn. Owó yẹn rọrùn láti sọnù lọ́nà, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ibùdó DX, ìyẹn ti ọ̀nà jíjìn, fi ń ní QSL manager nílẹ̀ òkèèrè. Èmi ni mo máa ṣe é fún ọ, àdírẹ́sì mi ni kó o sọ fún wọn. Kí n tó lè tẹ káàdì, fi àmì ìpè rẹ ránṣẹ́ sí mi bó bá ti jáde, pẹ̀lú orúkọ ìlú bó o ṣe fẹ́ kó hàn. Nínú bí wọ́n ṣe pín ayé fún rédíò, CQ zone 35 àti ITU zone 46 ni Nàìjíríà wà, èmi á fi ìyẹn sí i fúnra mi. Máa fi log ránṣẹ́ ní ìparí oṣù: ọjọ́, aago Zulu, báǹdì, àmì ìpè wọn àti 59 tẹ́ ẹ fún ara yín.

Nípa rédíò, má tíì ra nǹkan kan. Tó o bá ti rí Elmer, ní kó kọ orúkọ méjì tóun fúnra rẹ̀ lè bá ọ tún ṣe tó bá bàjẹ́, kó o fi ránṣẹ́ sí mi. Èmi á wá èyí tó wà nílẹ̀ níbi Hamvention, ìpàdé àti ọjà àwọn oníham, ní Xenia ní oṣù May, ó sún mọ́ wa.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Akínwándé