Ta Ló Fún Wa Ní Ìbò Lórí Ìfẹ̀yìntì Agbábọ́ọ̀lù?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Inú mi kò dùn sí ohun tí mo kà ní ojú ewé eré ìdárayá yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, n kò sì ní fi bò. Ẹ to àwòrán àwọn agbábọ́ọ̀lù tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní 33 sílẹ̀ bí ẹni pàtẹ ọjà, ẹ wá ní kí àwa òǹkàwé dìbò yan ẹni tó yẹ kó fẹ̀yìn tì kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ta ló fún wa ní irú ìbò bẹ́ẹ̀? Iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni ni, ẹsẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni sì ni. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó bá a jí ní ìdájí lọ sí pápá ìgbáradì.

Kì í kúkú ṣe ìwé ìròyìn yín nìkan ló jẹ̀bi. Láti ìgbà tí sáà ti parí, tí àsìkò kátàkárà agbábọ́ọ̀lù sì ti wọlé dé, kò sí ibi tí èèyàn yà sí tí wọn kò ti máa pín àwọn agbábọ́ọ̀lù kiri: wọ́n á ní Saudi Arabia ni ti eléyìí, Amẹ́ríkà ni ti ìyẹn, ẹni kẹta sì rèé, kó lọ sinmi. Àríyànjiyàn lórí ẹni tí ẹgbẹ́ yóò rà àti ẹni tí yóò tà kò burú. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀ dáadáa, ó sì máa ń gbà mí ní odindi ìrọ̀lẹ́ nígbà mìíràn. “Kó lọ sinmi” yẹn gan-an ni kò dùn mọ́ mi nínú.

Nígbà tí a jọ ń wo ọ̀kan nínú àwọn ìdíje tó kẹ́yìn sáà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó sí iwájú mi, ó wọ jẹ́sì tuntun tí orúkọ agbábọ́ọ̀lù kan tó ti dàgbà wà lẹ́yìn rẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù náà pàdánù bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ní àárín pápá, ọmọkùnrin yìí bá fi ọwọ́ gbá apá àga, ó ní, “Bàbá, ẹ lọ sinmi jàre, ẹsẹ̀ yín ti tán!” Gbogbo àwa tí a wà lẹ́yìn rẹ̀ ń ka orúkọ ẹni tó ń lé lọ ní ẹ̀yìn òun fúnra rẹ̀, lẹ́tà kan kò sì tíì bó kúrò lára aṣọ náà. Kò tó ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà tí bàbá tí wọ́n ní kó lọ sinmi yìí fi bọ́ọ̀lù kan gba àárín àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn mẹ́ta kọjá, tí góòlù sì wọlé. Ọmọkùnrin náà ló kọ́kọ́ fò dìde.

Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwa alátìlẹyìn ń pò pọ̀. Bí agbábọ́ọ̀lù kò bá lè sáré bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, akọ́nimọ̀ọ́gbá ló láṣẹ láti fi í sórí bẹ́ǹṣì, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bá a jà nítorí rẹ̀. Bí àdéhùn rẹ̀ bá parí, tí ẹgbẹ́ kò sì fẹ́ tún un ṣe, àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ló ni àpò owó wọn, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ó tó. Ìfẹ̀yìntì kò sí lọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, kò sí lọ́wọ́ aláṣẹ, kí a tó wá sọ pé ó wà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tí ẹgbẹ́ kan kò fẹ́ mọ́ lè rí ẹgbẹ́ mìíràn tí yóò fi tayọ̀tayọ̀ gbà á, ibẹ̀ ló sì ti máa ń hàn nígbà púpọ̀ pé ìbò wa kò já mọ́ nǹkan kan.

Ẹ rántí Roger Milla. Ọkùnrin náà ti dágbére fún ikọ̀ orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, erékùṣù Réunion ló sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù tirẹ̀ jẹ́jẹ́ kí Ààrẹ Paul Biya tó ní kí wọ́n pè é padà fún ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún 1990 ní Ítálì. Ẹni ọdún 38 ni nígbà náà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kò tan ara rẹ̀ jẹ pé ó lè sáré fún 90 ìṣẹ́jú, orí bẹ́ǹṣì ló fi í sí. Láti orí bẹ́ǹṣì náà ló ti ń wọlé tó fi gbá góòlù 4 sáwọ̀n, méjì sí Romania, méjì sí Colombia, tó ń jó nídìí àsíá igun pápá, tí Kamẹrúùnù sì di orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ìpele tí ẹgbẹ́ mẹ́jọ máa ń ṣẹ́ kù sí. Ní ọdún 1994, ní Amẹ́ríkà, ó tún gbá òmíràn sáwọ̀n Rọ́ṣíà ní ẹni ọdún 42. Ká ní ìwé ìròyìn kan ti gbé ìbò kalẹ̀ nípa rẹ̀ ní ọdún 1989, ṣé ẹnì kan wà nínú wa tí ì bá dìbò pé kó máa bá a lọ?

Messi náà ńkọ́? Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ sọ pẹnárítì nù nígbà tí Chile borí Argentina nínú àṣekágbá Copa América, ìdíje ife ẹ̀yẹ àwọn orílẹ̀-èdè Gúúsù Amẹ́ríkà, ó sọ pé òun ti parí iṣẹ́ pẹ̀lú ikọ̀ orílẹ̀-èdè òun. Mo rántí dáadáa pé ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ ń wo bọ́ọ̀lù ló ní ohun tó yẹ kó ti ṣe látọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, pé kó fi àyè sílẹ̀ fún ọmọdé. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ tí ó fi yí ọkàn padà. Copa América ti ọdún 2021, ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti ọdún 2022 ní Qatar, àti Copa América ti ọdún 2024 ni ó gbà lẹ́yìn náà, àwọn kan náà tó ní kó lọ ló sì ń sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ wọn báyìí.

Bí ẹni tí kò fẹ́ lọ ṣe ń gbọ́ èébú náà ni ẹni tó fẹ́ lọ ń gbọ́ tirẹ̀. Nígbà tí Toni Kroos ní òun yóò fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní ọdún 2024, ní ẹni ọdún 34, ní àkókò tó ń gba ife ẹ̀yẹ ìdíje Champions League pẹ̀lú Real Madrid, àwọn kan ń sọ pé ìmọtara-ẹni-nìkan ni, pé ó ṣì ní bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, nínú irú bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n ń fọwọ́ jù, Andrew Luck ti ẹgbẹ́ Indianapolis Colts pinnu ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019 pé òun yóò fẹ̀yìn tì ní ẹni ọdún 29 nítorí pé ọgbẹ́ lórí ọgbẹ́ ti sú u. Ìròyìn náà já síta nígbà tí ìdíje ṣì ń lọ lọ́wọ́, kó tó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, àwọn alátìlẹyìn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì hó lé e lórí bó ṣe ń rìn kúrò nínú pápá. Ẹni tó ti ń fara gbá ọgbẹ́ nítorí tiwọn ni wọ́n hó lé lórí.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹ̀bi wọn ju tiwa lọ, ìyẹn àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́. Àwọn ló mọ̀ láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn pé àwọn kò ní tún àdéhùn ẹnì kan ṣe, ṣùgbọ́n wọn kò ní pè é jókòó. Wọn yóò sọ ọ́ sétí oníròyìn kan, oníròyìn náà yóò ní “ẹnì kan tó sún mọ́ ẹgbẹ́” ló sọ fún òun, àwa náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí rẹ̀ títí di òru, nígbà tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ̀ngbọ̀n ṣì ń wọ bàtà rẹ̀ fún ìgbáradì. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ fún kámẹ́rà, wọ́n á ní ìjíròrò ń lọ dáadáa, wọ́n á ní ẹbí kan náà ni gbogbo àwọn. Ẹbí wo ni ọmọ inú rẹ̀ ti ń gbọ́ lẹ́nu àlejò pé wọ́n ti kó ẹrù òun síta?

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì péré ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Kevin De Bruyne kéde pé òun yóò kúrò ní Manchester City lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ó sì sọ lẹ́yìn náà pé ìpinnu ẹgbẹ́ ya òun lẹ́nu díẹ̀, pé wọn kò fi àdéhùn kankan lọ òun ní gbogbo ọdún náà. Ní ọjọ́ kejì, Bayern Munich kéde pé Thomas Müller, tó ti wà lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà ọmọdé ní ọdún 2000, kò ní gba àdéhùn tuntun. Müller fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síta pé kì í ṣe ohun tí òun fẹ́ nìyẹn. N kò sọ pé àwọn ẹgbẹ́ náà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ohun tí wọ́n ṣe. Oṣù Kẹrin ni mo ń bá jà, nígbà tí sáà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni a sì ń lé lọ sílé: De Bruyne gba Napoli lọ, Müller gba Vancouver ní Kánádà lọ, ó sì dé àṣekágbá líìgì Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá ọdún náà, níbi tí Inter Miami ti Messi ti na ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 3 sí 1. Ẹni ọdún 36 kojú ẹni ọdún 38. Ní ọjọ́ kan náà ni Sergio Busquets àti Jordi Alba gbá bọ́ọ̀lù wọn tó kẹ́yìn fún Miami, wọ́n sì gbé ife lọ sílé. Àwọn méjèèjì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, fúnra wọn, pé ìparí sáà náà ni àwọn yóò fẹ̀yìn tì. Ẹnikẹ́ni kò dìbò fún wọn.

Àbá mi nìyí, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù gbé e yẹ̀ wò dáadáa. Láti ìgbà tí Jean-Marc Bosman, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Belgium, ti jàre ẹjọ́ rẹ̀ ní ọdún 1995, agbábọ́ọ̀lù tí àdéhùn rẹ̀ parí kì í ṣe ẹrú ẹgbẹ́ mọ́. Òfin FIFA sì sọ pé bí àdéhùn bá ku oṣù 6 kó parí, agbábọ́ọ̀lù lè bá ẹgbẹ́ mìíràn tọwọ́ bọ̀wé. Nínú òfin kan náà yìí ni wọ́n ti ní ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ bá agbábọ́ọ̀lù tó wà lábẹ́ àdéhùn sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ẹgbẹ́ tí agbábọ́ọ̀lù náà wà. Ẹ kíyè sí i pé ẹgbẹ́ ni wọ́n ń kọ̀wé sí o. Èmi ń fẹ́ kí wọ́n fi gbólóhùn kan kún un, pé ní ọjọ́ tí àdéhùn bá ku oṣù 6 gééré, ìyẹn oṣù Kìíní fún àdéhùn tó ń parí ní oṣù Kẹfà, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí agbábọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, kì í ṣe sí aṣojú rẹ̀ nìkan, kí ẹni tó láṣẹ sì fọwọ́ sí i. Ìwé náà yóò sọ ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta: a fẹ́ ọ, a kò fẹ́ ọ, tàbí a kò tíì pinnu ṣùgbọ́n ìwọ yóò gbọ́ kí oṣù Kejì tó parí. Ẹgbẹ́ tí kò bá kọ̀wé, tàbí tó jẹ́ kí ìròyìn ṣíwájú ìwé, agbábọ́ọ̀lù náà yóò ní ẹ̀tọ́ sí ọdún kan sí i ní iye owó tó ń gbà tẹ́lẹ̀, bí ó bá fẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ẹgbẹ́ kò lè mọ̀ ní oṣù Kìíní bóyá ẹnì kan yóò fara pa ní oṣù Kẹta, tàbí bóyá akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun yóò dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi ìdáhùn kẹta síbẹ̀. Ẹgbẹ́ tó lè san owó gọbọi lórí ọmọ ọdún 19 tí kò tíì gbá ìdíje ogún, tó sì lè ṣètò rẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú, lè mọ ohun tó fẹ́ fi ẹni ọdún 34 ṣe ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Àǹfààní àwa alátìlẹyìn náà wà nínú rẹ̀, torí pé a ó ti mọ èyí tó jẹ́ ìdíje ìkẹyìn rẹ̀ nílé, a ó sì lè dágbére fún un dáadáa. Nígbà tí Messi kúrò ní Barcelona ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, yàrá oníròyìn ló ti sunkún dágbére, lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún ó lé. Ìdíje rẹ̀ tó kẹ́yìn ti kọjá lọ láìsí ẹni tó mọ̀ pé òun ni.

Kí àwọn oníròyìn dẹ́kun “ẹnì kan tó sún mọ́ ẹgbẹ́” yìí bí ọ̀rọ̀ bá kan iṣẹ́ èèyàn. Kí àwọn aṣojú agbábọ́ọ̀lù sì yé parọ́ ẹgbẹ́ márùn-ún tó ń wá ẹni wọn kiri nígbà tí kò sí ẹyọ kan, torí irọ́ tiwọn náà wà lára ohun tó ń mú kí agbábọ́ọ̀lù kọ àdéhùn tí ì bá gbà. Ní ti ojú ewé yín, ẹ bi wá léèrè ẹni tí ẹgbẹ́ yóò rà, ẹ bi wá léèrè ẹni tó yẹ kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. A ó dáhùn, a ó sì bá ara wa jà lórí rẹ̀ títí kátàkárà yóò fi parí.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín tí inú ń bí