Ẹ Fún Ọmọ Tó Gbé Oúnjẹ Lówó Ẹ̀ Lọ́wọ́, Ẹ Má Sọ Ọ́ Sí Àkántì Ọ̀gá

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o, Ọlọ́run á máa fún yín lókun. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn láti Sátidé tó kọjá, mo ti sọ ọ́ fún ọkọ mi, mo sọ ọ́ fún ìyá tí ṣọ́ọ̀bù wa jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, síbẹ̀ kò tán nínú mi, ni mo bá ní kí n kúkú kọ ọ́ sí yín, bóyá àwa tá a máa ń jẹun níta nílùú Ìlọrin yìí á rí i kà.

Èmi àti àbúrò ọkọ mi la ti Ọjà Tuntun bọ̀, ebi ń pa wá burúkú, a wá yà sí ilé oúnjẹ kan lápá Taiwo. Àwọn bùrọ̀dá márùn-ún kan wà ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ wa, èèyàn dáadáa ni wọ́n, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, wọ́n ń bá ara wọn ṣeré, wọn ò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọbìnrin kékeré kan ló ń gbé oúnjẹ fún wọn. Ó gbé omi wá, ó gbé àmàlà wá, ẹnì kan ní gbẹ̀gìrì ti pọ̀ ju ewédú lọ nínú tòun, ó gbé e padà, ẹlòmíì ní ṣàkì lòun bèèrè kì í ṣe pọ̀nmọ́, ó tún lọ, wọ́n ní omi yẹn ò tutù, ó lọ pààrọ̀ ẹ̀, ọmọ yẹn ò fìdí kan ilẹ̀ láti ìgbà tá a ti wọlé títí a fi jẹun tán. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sanwó, ẹni tó dàgbà jù nínú wọn, tó dé fìlà aláwọ̀ ewé, tẹ fóònù ẹ̀, ó fi tíráńsífà san gbogbo ẹ̀, ó wá pe ọmọ náà, ó ní, "Mo fi ẹgbẹ̀rún kan kún un fún ẹ o, fi ra nǹkan mu." Ọmọ yẹn kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ṣàdúrà fún wọn. Wọ́n jáde, inú tiwọn náà dùn.

Èmi wà níwájú káṣíà, mo fẹ́ san tèmi, nígbà tí ọmọ náà wá bèèrè owó ẹ̀. Káṣíà ò tiẹ̀ wojú ẹ̀. Ó ní, "Àkántì ọ̀gá ló wọlé sí, ṣé kí n lọ yọ ọ́ níbẹ̀ ni? Tí ọ̀gá bá dé kó o bá wọn sọ ọ́." Ọmọ yẹn dúró díẹ̀, ó mú tíréè ẹ̀, ó padà lọ kó abọ́ táwọn bùrọ̀dá yẹn jẹun tán.

Kò ní bá ọ̀gá sọ nǹkan kan. Mo mọ̀, torí èmi náà ṣe iṣẹ́ yẹn rí.

Lẹ́yìn tí mo jáde sẹ́kọ́ńdírì, tí JAMB àkọ́kọ́ ò bọ́ sí i, mo gbé oúnjẹ fún ọdún kan àti oṣù díẹ̀ níbì kan nínú ìlú yìí, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. ₦9,000 ni wọ́n ń san fún mi lóṣù. Láti Gàá Àkánbí ni mo ti ń lọ, ọjọ́ tí mi ò bá fẹsẹ̀ rìn, owó ọkọ̀ ń jẹ nínú ẹ̀. Tí abọ́ bá fọ́, wọ́n á yọ ọ́. Tí kọ́sítọ́mà bá jẹun tán tó sá lọ, ẹni tó gbé oúnjẹ fún un ló máa san án, wọ́n yọ ₦1,400 nínú owó mi lóṣù kan torí àwọn méjì tó ní àwọn fẹ́ lọ dáhùn fóònù níta. Ohun tó gbé mi ró níbẹ̀ ni ṣéńjì. Èèyàn á jẹun ₦850, á fún mi ní ₦1,000, á ní "mú ṣéńjì yẹn". Agolo Milo ni mo ń kó àwọn àádọ́ta náírà àti ọgọ́rùn-ún náírà yẹn sí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá mi, òun ni mo fi ra fọ́ọ̀mù JAMB ẹlẹ́ẹ̀kejì. Owó àwọn èèyàn tí mi ò mọ orúkọ wọn ló rán mi lọ síwèé, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gbé ọ̀rọ̀ yìí sọnù.

Ẹ wá wo bí ṣéńjì yẹn ṣe parẹ́. Níbẹ̀rẹ̀ 2023 tí wọ́n pààrọ̀ owó, tí náírà di nǹkan tí à ń tò sí ẹnu ọ̀nà báńkì fún láti ìdájí, gbogbo wa ló kọ́ tíráńsífà tipátipá, àti ìyá tó ń ta tòmátì àti ọlọ́kadà. Owó ti padà sígboro, àwa ò padà sídìí ẹ̀. Tíráńsífà ò sì ní ṣéńjì. Tí oúnjẹ bá jẹ́ ₦3,450, ₦3,450 gééré lo máa tẹ̀, wọ́n á ní aláàtì ti wọlé, o ti dìde. Kò sẹ́ni tó jókòó tó ní òun ò ní fún àwọn ọmọ yìí ní nǹkan mọ́, àmọ́ owó tó ń bọ́ sí wọn lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé a rò ó ti gbẹ. Àwa tá a bá sì rántí, bíi bùrọ̀dá onífìlà yẹn, àkántì ọ̀gá là ń sọ ọ́ sí.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò le rárá. Tẹ́ ẹ bá ń lọ jẹun, ẹ ní owó wẹ́wẹ́ lápò, igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Tẹ́ ẹ bá lọ gbowó lọ́dọ̀ oní-POS, ẹ ní kó bá yín fi igba-igba sí i. Ẹ san owó oúnjẹ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́, tíráńsífà ni o, káàdì ni o, ṣùgbọ́n ti ọmọ tó gbé oúnjẹ, ọwọ́ ẹ̀ ni kó bọ́ sí. Ẹ má sì fi sábẹ́ abọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú fíìmù, torí níbí, ẹni tó máa palẹ̀ abọ́ mọ́ lè má jẹ́ ẹni tó gbé oúnjẹ fún yín, owó náà á sì ti rin fún ọbẹ̀. Nǹkan kan tún wà tá ò kì í rò: ọwọ́ ọ̀tún la fi ń jẹ àmàlà, tí ọbẹ̀ bá ti wà lọ́wọ́ yẹn, ọwọ́ òsì lèèyàn á fi yọ owó lápò táá fi nà án sí ọmọlọ́mọ, òun náà á gbà á, kí ló fẹ́ ṣe. Ẹ fọ ọwọ́ ná. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Tó bá wá jẹ́ pé ẹni tó gbé oúnjẹ fún ẹ dàgbà jù ẹ́ lọ ńkọ́? Ó pọ̀ nílùú wa, pàápàá láwọn búkà, àwọn ìyá tí ọmọ wọn ti ń lọ yunifásítì ń gbé abọ́ fún àwọn ọmọ ogún ọdún. Mo rí ọmọkùnrin kan tó kàn ju ₦200 sórí tíréè ìyá bẹ́ẹ̀, ó ní "mú", ojú ń tì mí fún un. Rẹra ẹ sílẹ̀ díẹ̀, fi ọwọ́ méjèèjì fún wọn, sọ pé "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi ra gòrò." Owó kan náà ni, ṣùgbọ́n ìyẹn ò bu wọ́n kù.

Ẹni tí kò bá ní káàṣì rárá lè ní kí ọmọ náà fún òun ní nọ́ńbà àkántì tiẹ̀. Ó dáa, èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí OPay tàbí PalmPay ni wọ́n ń lò, nọ́ńbà fóònù wọn gan-an sì ni nọ́ńbà àkántì wọn, oódo iwájú nìkan ni wọ́n yọ. Ọmọ tó bá fún ẹ ní àkántì ti fún ẹ ní fóònù ẹ̀ nìyẹn, kì í sì í ṣe pé ó fẹ́ ẹ. Wọ́n á fi ₦500 ránṣẹ́ lọ́sàn-án, tó bá di aago mọ́kànlá alẹ́ wọ́n á máa pè é, tí kò bá gbé e wọ́n á ní aláìmoore ni. Àbúrò mi obìnrin fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀. Owó ẹsẹ̀ tó fi rìn lo fún un, kò tà nǹkan míì fún ẹ.

Mélòó wá ni? Ibẹ̀ làwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ti máa ń bá wa jà tí wọ́n bá wálé Iléyá tàbí Kérésì, wọ́n á ní 15 sí 20 nínú 100 owó oúnjẹ làwọn ń fún wọn ní Amẹ́ríkà, pé ahun ni wá. Ẹ ní sùúrù. Lọ́hùn-ún, òfin ìjọba àpapọ̀ wọn gbà kí ọ̀gá san $2.13 péré fún wákàtí kan fún ẹni tó ń gbé oúnjẹ, láti 1991 ni wọn ò ti fi kún un, nígbà tí òṣìṣẹ́ yòókù ń gba ó kéré tán $7.25, torí wọ́n ti gbé e lé kọ́sítọ́mà lórí pé òun ló máa fi ìyókù kún un. Àwọn ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀ ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ o. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀, "gbà, fi ra omi mu" ni tiwa, èèyàn ṣe ẹ́ dáadáa, o dá a lóhùn. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi ni pé ní búkà lásán, ₦200 ni mo máa ń fún wọn, níbi tí AC wà tí wọ́n ti fún mi ní mẹ́nù kà, ₦500, tí mo bá kó àwọn ọmọ dání tí wọ́n da ráìsì sílẹ̀ yíká tábìlì, mo mọ̀ pé ₦1,000 ni. Tẹ́ ẹ bá pọ̀, ká ní ẹ ti ibi yìgì bọ̀ tẹ́ ẹ tó mẹ́wàá, kẹ́nì kan gbà á jọ lọ́wọ́ gbogbo yín kẹ́ ẹ tó dìde, torí kálukú á rò pé ẹnìkejì òun ti fún un. Nínú oṣù ààwẹ̀ ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ wa ni kì í ṣí lọ́sàn-án, ohun táwọn ọmọ yìí ń rí máa ń já wálẹ̀, tẹ́ ẹ bá lọ ra oúnjẹ ìṣínu, ẹ rántí ẹni tó ń dì í fún yín.

Ẹ máa wo rìsíìtì yín náà. VAT 7.5 nínú 100 tó wà níbẹ̀, tìjọba ni, àwọn kan rò pé ti ọmọ tó gbé oúnjẹ ni, wọ́n á ní àwọn ti san án. Tẹ́ ẹ bá sì rí service charge, ìyẹn owó iṣẹ́ tí ilé oúnjẹ fúnra wọn fi kún owó oúnjẹ, ẹ bi wọ́n níbẹ̀ pé ọ̀dọ̀ ta ló ń lọ. Tí wọ́n bá ní àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń pín in fún, ó parí, tí wọ́n bá ń wojú ara wọn, ẹ ti mọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé oúnjẹ, mi ò bá yín jà. Mo mọ ohun tí gáàsì àti dísù ń ṣe fún yín. Ṣùgbọ́n owó oṣù tó kéré jù tí òfin ní kí wọ́n máa san fún òṣìṣẹ́ ti di ₦70,000 láti July 2024, òfin náà sì yọ ibi tí òṣìṣẹ́ ò bá tó 25 sílẹ̀, mélòó nínú àwọn ilé oúnjẹ wa ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà, ní Òmù-Àrán ló ní òṣìṣẹ́ 25? Ìdí nìyẹn tí ₦200 tí ẹnì kan fún ọmọ yẹn fi jẹ́ owó ọkọ̀ tó máa gbé e délé. Nílùú Ọba, láti October 1, 2024, òfin ti sọ pé ọ̀gá ò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó tí kọ́sítọ́mà bá fún òṣìṣẹ́, gbogbo ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn. Ẹ̀yin ò nílò òfin kankan kẹ́ ẹ tó ṣe é. Ẹ fi ìwé kan síwájú káṣíà, tí kọ́sítọ́mà bá ti fi nǹkan kún tíráńsífà fún ẹnì kan, kó kọ orúkọ ọmọ náà àti iye ẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n san án fún un ní káàṣì kó tó lọlé lálẹ́. Kẹ́ ẹ má sì gbàgbé àwọn tó ń ro àmàlà lẹ́yìnkùlé nínú èéfín, kò sí kọ́sítọ́mà tó ń rí wọn.

Ìyá tí mo bá sọ̀rọ̀ yìí ní ṣọ́ọ̀bù ní oúnjẹ ti wọ́n jù, ta ló tún fẹ́ fi nǹkan kún un. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tí kò ní, kò sẹ́ni tó fi dandan mú un, kó dúpẹ́ dáadáa lọ́wọ́ ọmọ náà, tí ọ̀gá bá sì wà nítòsí, kó sọ létí ọ̀gá pé ọmọ yìí ṣe dáadáa. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nípa mi lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀gá mi, láti ọjọ́ yẹn ni wọn ò ti yọ owó abọ́ tó fọ́ lára mi mọ́.

Ẹ̀yin bùrọ̀dá márùn-ún Sátidé, tí ìwé ìròyìn yìí bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ dé fìlà aláwọ̀ ewé, ẹ̀bùn yín ò dé ọwọ́ ọmọ yẹn. Mo fún un ní ₦500 tó kù lápò mi kí n tó jáde, ṣùgbọ́n tiyín ṣì wà lọ́dọ̀ ọ̀gá. Tẹ́ ẹ bá tún gba ibẹ̀ kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà, ẹ bá wọn sọ ọ́.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Gàá Àkánbí, Ìlọrin.