Lẹ́tà sí Bọ́sẹ̀: Lísìtì Màmá

Kubwa, Àbújá

Bọ́sẹ̀ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Àwọn ìbejì ńkọ́? Mo ka ohun tí o kọ, pé o ti ibi iṣẹ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù, o gbé wàrà àti búrẹ́dì, o délé tán kó o tó rántí pé iyọ̀ àti òróró lo torí ẹ̀ lọ. Má bá ara rẹ wí. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ òru mọ́jú, tó tún ń sáré gbé ọmọ méjì lọ sílé ìwé, níbo ni yóò ti rí àyè rántí iyọ̀?

Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyí. Bébà kan wà lára fìríìjì, a so báírò mọ́ ọn. Ẹni tó bá lo nǹkan tó rí i pé ó ti ń lọ sílẹ̀, òun ni yóò kọ ọ́. A kì í dúró kó tán. Tóbi náà ń kọ tirẹ̀. Tó bá di alẹ́ Jímọ̀, mo máa ń tún un kọ, mo sì máa ń tò ó bí mo ṣe máa rìn nínú ọjà: tòmátò, tàtàṣé àti ata rodo ṣáájú, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn aláta ni mo ń gbà wọlé, lẹ́yìn náà àlùbọ́sà, ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí, ẹran àti ẹja ló ń gbẹ̀yìn kí oòrùn má bàa bà wọ́n jẹ́. Iye mudu gbọ́dọ̀ wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó o bá kọ "ẹ̀wà" lásán, ẹni tó ń tà ló máa bá ọ pinnu iye tí o máa rà. Kí n tó ká bébà náà, mo máa ń fọkàn se ọbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin: epo ńkọ́, irú ńkọ́, edé ńkọ́? Ibẹ̀ ni ohun tá a gbàgbé ti máa ń jáde. Gbìyànjú ẹ̀ wò, kódà ní Winnipeg, ní Kánádà lọ́hùn-ún.

Bàbá Tóbi kí ọ. Sikirat ti bímọ, ọkùnrin ni. Ẹni tí àwa méjèèjì mọ̀ yẹn ti kó kúrò ní Lugbe, ìyókù dorí fóònù.

Bọ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ Màmá ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O mọ̀ pé mo máa ń yà gba lísìtì wọn ní Phase 4, kí n lè bá wọn rà á pọ̀ mọ́ tèmi. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ti ń pè é, ọwọ́ mi kì í fẹ́ẹ̀ bá ẹnu wọn: èlùbọ́, panla, ewédú, ṣàkì, wọn a ní kí n má gbàgbé irú, wọn a tún padà sí èlùbọ́. Ní báyìí, "Ra ata díẹ̀ àti gàrí. Ó tó." Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiró ní 2023 tí gbogbo nǹkan fi gbówó lórí, Màmá máa ń kọ́kọ́ bi mí ní iye tí mudu kan jẹ́ kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Àsìkò òjò la tún wà yìí, tí tòmátò tó ń ti Kánò àti Kàdúná wá kì í pọ̀. Mi ò dá wọn lóhùn lórí iye owó mọ́.

Ìyẹn ṣì kéré. Nígbà tí mo ń bá wọn kó ọjà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Páálí tí mo rí lóṣù tó kọjá ló ṣì wà níbẹ̀, ó yẹ kó ti tán tipẹ́, nítorí àràárọ̀ ni dókítà ní kí wọ́n máa lò ó. Mo bi wọ́n, wọ́n ní ara àwọn le. Ẹ̀rù ohun tí wọ́n sọ yẹn gan-an ló ń bà mí, ẹ̀jẹ̀ lè máa ru kí ara má sì sọ nǹkan kan. Mo ní kí n bá wọn rà á, wọ́n ní rárá, pé ẹrù tó wà lọ́rùn Bọ́sẹ̀ ti pọ̀ jù. Owó tí o ń fi ránṣẹ́, wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ ni. Wọ́n ní o ò gbọdọ̀ bá ilé òfìfo lọ́jọ́ tó o bá dé.

Jọ̀ọ́, pè wọ́n ní Jímọ̀. Tó bá di aago méje alẹ́ níbí, ọ̀sán ni lọ́dọ̀ rẹ, wọn ò sì tíì sùn. Má bi wọ́n bóyá wọ́n nílò nǹkan, wọ́n á ní àwọn ò nílò. Ní kí wọ́n gbé páálí oògùn síwájú fóònù, kó o rí orúkọ ẹ̀ àti èyí tó kù, kó o wá fi ránṣẹ́ sí mi kí n tó jáde lárọ̀ Sátidé. Sọ fún wọn fúnra rẹ pé o fẹ́ kí wọ́n ná owó náà. Ẹnu rẹ nìkan ni wọ́n máa gbà á gbọ́. Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo sọ fún ọ, kí wọ́n má bàa máa gbé oògùn pa mọ́ fún mi.

Èmi ni tìrẹ,
Fúnkẹ́