Ẹ̀yin tí ẹ ń fi táyà ńlá sí mọ́tò oko, ẹ pààrọ̀ gíá ìdí ẹ̀ náà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Àgbẹ̀ kaṣú àti iṣu ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, apá Ìkòyí-Ilé loko mi wà. Gbogbo àwa tá à ń na ọ̀nà oko ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríire la mọ bó ṣe máa ń rí tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ tí kaṣú ò sì tíì tán nílẹ̀, ẹrẹ̀ á gbé táyà mì, mọ́tò á fi ikùn jókòó, ẹ ó wá máa wá ọ̀dọ́ tó máa tì í.

Ìyẹn ló jẹ́ káwọn èèyàn máa fi táyà ńlá sí pikọ́ọ̀pù wọn báyìí. Mò ń rí i ní Tákìẹ́, mò ń rí i lọ́nà Ìlọrin, ó dẹ̀ wuyì lójú lóòótọ́. Èmi náà ṣe é. Ohun tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi kí n tó ṣe é ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé jáde, torí ó dùn mí.

Táyà tó bá mọ́tò mi wá, inṣì 28 ni gíga ẹ̀. Mo ra tòkúnbọ̀ mẹ́rin tó jẹ́ inṣì 33, jórinjórin gé etí mádígáàdì díẹ̀ kó má baà máa ha táyà tí mo bá ń kọ́nà, ó parí. Mo di ẹrù kaṣú sẹ́yìn, mo kọrí sílé. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà lọ́nà oko wa tí mo máa ń fi gíá kejì gùn wọ́ọ́rọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, lọ́jọ́ yẹn gíá kìíní gan-an ò lè gbé e, mo wá ń tẹ kíláàṣì mo ń jù ú sílẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì má baà kú, kí n tó dókè òórùn ti gba inú mọ́tò. Kíláàṣì méjì ni mo jó láàárín oṣù mẹ́ta! Mẹkáníìkì tó ń bá mi tún un ṣe ní èyí tí mo rà ni ò dáa, mo gbà á gbọ́, mo tún gbéra ó di Gate n'Íbàdàn.

Bàbá kan tó ti pẹ́ nídìí ọkọ̀ ẹrù ló là mí lójú. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sí ẹsẹ̀ táyà ńlá yẹn àti sílẹ̀, wọ́n ní kí n ti mọ́tò títí ilà yẹn á fi tún padà kan ilẹ̀, wọ́n wá fi téèpù wọ̀n ọ́n. Mítà 2.63. Táyà àtijọ́, mítà 2.23 ni. Ìyẹn ni pé ní gbogbo ìgbà tí táyà bá yí lẹ́ẹ̀kan, mo ti ní kí ẹ́ńjìnnì gbé ẹrù lọ jìnnà ju bí wọ́n ṣe dá a lọ, agbára ẹ̀ ò dẹ̀ lé. Àfi bí ìgbà tẹ́ ẹ wọ bàtà bàbá fọ́mọ ọdún márùn-ún tẹ́ ẹ wá ní kó sáré gun òkè.

Ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe ò sí lára kíláàṣì rárá, inú difirẹ́ńṣà ni, ìyẹn gíá ìdí tó wà láàárín táyà méjèèjì, níbi tí kíráún àti píníọ̀nù, gíá méjì tó ń ti ara wọn yí, wà. Ti mọ́tò mi jẹ́ 4.10, ìyẹn ni pé ṣáàfù, ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wá síbẹ̀, á yí lẹ́ẹ̀mẹ́rin àti díẹ̀ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi 33 lu 4.10, kẹ́ ẹ fi 28 pín in, ẹ ó bá 4.83. Nínú èyí tí wọ́n máa ń tà, 4.88 ló sún mọ́ ọn jù, òun la fi sí i, mọ́tò mi dẹ̀ padà sí bó ṣe ń fà tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń ṣe mọ́tò náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, Jeep Wrangler Rubicon tó jáde ní 2007, táyà ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó inṣì 32, gíá 4.10 ni wọ́n fún un, nígbà tí àwọn Wrangler tí táyà wọn kéré ń lo 3.21 tàbí 3.73.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá máa pààrọ̀ gíá ìdí yìí, tiwájú tẹ̀yìn ni o! Ẹnìkan ládùúgbò wa pààrọ̀ tẹ̀yìn nìkan torí owó ò tó, ó wá fa fọ́ọ̀-báí-fọ́ọ̀, tó máa ń jẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ fà, lórí títì ọlọ́dà, ẹsẹ̀ iwájú fẹ́ sáré tiẹ̀, tẹ̀yìn fẹ́ sáré tiẹ̀, gíá àárín tó so wọ́n pọ̀ ló fọ́. Ẹni tó bá máa tò ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n tò, kó kun ọ̀dà séyín kíráún kó wo ibi tí wọ́n ti ń fara kanra, torí tí kò bá jókòó dáadáa á máa pariwo, á dẹ̀ jẹ ara ẹ̀. Kílómítà 800 àkọ́kọ́, ẹ rọra wà á, ẹ má fi fa ọkọ̀ míì, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀.

Bíréèkì ló tún ń bà mí lẹ́rù jù. Táyà ńlá wúwo, ọwọ́ bíréèkì ò dẹ̀ ká a bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ máa tètè tẹ̀ ẹ́. Sípídómítà náà á máa parọ́. Kí n tó pààrọ̀ gíá ìdí, tó bá ń fi 100 hàn mí, nǹkan bí 118 ni mò ń sá lọ́nà Ọ̀yọ́ láàárín àwọn tírélà, mi ò dẹ̀ mọ̀.

Gbogbo ìnáwó yìí, inṣì méjì ààbọ̀ péré ni ikùn mọ́tò mi fi ga sí i, torí ìdajì táyà ló wà lókè. Ó wúlò fún mi torí òkúta pọ̀ lọ́nà tiwa. Ẹni tó jẹ́ pé ẹrẹ̀ nìkan ló ń bá jà, kó ra táyà ẹrẹ̀ tí eyín ẹ̀ jìn, kó jẹ́ sáìsì tó bá mọ́tò ẹ̀ wá, kó dín afẹ́fẹ́ ẹ̀ kù díẹ̀ tó bá ń wọ oko, kó tún fẹ́ ẹ padà tó bá dé títì.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì ìlú wa, mo bẹ̀ yín, tí ẹnikẹ́ni bá gbé táyà ńlá wá, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè pé nọ́ńbà wo ni gíá ìdí mọ́tò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí jórinjórin gé mádígáàdì.

Èmi ni,
Àgbẹ̀ kan, Ògbómọ̀ṣọ́