Káyọ̀dé, bí katakata ṣe ń jí nínú òtútù ibí nìyí

Káyọ̀dé ọ̀rẹ́ mi,

Ìsẹ́yìn ń kọ́? Ìyàwó àtàwọn ọmọ ńkọ́? Inú mi dùn gan-an pé físà ẹ ti jáde. Ṣùgbọ́n katakata tá a jọ ń wà nílé, tó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ lásán la máa ń yí, kò rí bẹ́ẹ̀ ní Manitoba, ní Kánádà níbí o. Tó bá di January, òtútù lè wọ -30 láàárọ̀, àwọn màlúù sì gbọ́dọ̀ jẹun.

Dísù gan-an lo máa kọ́kọ́ ṣọ́. Ọ̀rá wà nínú ẹ̀, tí òtútù bá ti mú jù, ọ̀rá yẹn á dì bí òrí, á lọ dí fílítà. Katakata lè sítáàtì dáadáa o, á ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó di àárín pápá, ló bá kú, tó o bá yọ fílítà wàá rí ọ̀rá funfun tó lẹ̀ mọ́ bébà inú ẹ̀. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń po irú dísù kan tí wọ́n ń pè ní number 1, tó fúyẹ́ bíi kẹrosíìnì, mọ́ dísù ìgbà òtútù.

Alẹ́ ni iṣẹ́ àárọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Rọ dísù kún táǹkì kó o tó lọ sùn, kí omi má bàa ṣẹ̀ sínú ẹ̀, torí yìnyín ló máa dà nínú páìpù. Ẹ́ńjìn ní wáyà block heater, ìyẹn ohun tó ń mú ẹ́ńjìn gbóná, fi wáyà yẹn sí iná mànàmáná bíi wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin kó o tó sítáàtì, á mú omi inú ẹ́ńjìn lọ́wọ́ọ́wọ́. Bátìrì náà, ní -18 agbára ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì, ọ́ìlì sì ti ki, ìyà méjì ló ń jẹ sítátà yẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ́ìlì ẹ́ńjìn 15W-40 táà ń lò nílé wúwo jù fún irú òtútù yẹn, 5W-40 tàbí 0W-40 ni kó o bèèrè, tí ìwé katakata náà bá ti fọwọ́ sí i.

Jọ̀ọ́, èyí ni kó o dì mú jù: ether, nǹkan olómi tó tètè ń gbiná, inú agolo tí àwọn kan máa ń fín síbi tí ẹ́ńjìn ti ń fa atẹ́gùn, má fín in láéláé sí katakata tó ní glow plug, ìyẹn irin kékeré tó ń gbóná nínú ẹ́ńjìn kó lè sítáàtì. Ooru ibẹ̀ lè mú kí ether náà gbiná kí àkókò tó tó, ó lè fọ́ písítìn, ó lè ṣe ìwọ alára léṣe. Tan kọ́kọ́rọ́, dúró kí iná glow plug kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kó o tó wá sítáàtì. Tó bá ti dáhùn, má tẹná mọ́ ọn, jẹ́ kó rọra máa dún fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ọ́ìlì haidírọ́líìkì náà ṣì ki, má tíì gbé ẹrù kankan.

Ọjọ́ tó o bá máa wọ bàálù, tètè sọ fún mi, kí n lè mú jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn wá pàdé ẹ ní Winnipeg.

Èmi ọ̀rẹ́ ẹ,
Wọlé