Abẹ́rẹ́ tó ń tú àṣírí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀

Olóòtú,

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà ti ń bá àrùn mẹ́dọ̀wú B yí láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀dọ̀ wọn ti le gbagidi. Ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni dókítà ń fi ultrasound wo inú wọn, ìgbà tó sì rí kókó kékeré kan, ó ní kí wọ́n lọ ṣe MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ gadolinium, oògùn tó ń jẹ́ kí àwòrán náà hàn dáadáa. Ilé wa gbóná lọ́jọ́ náà. "Ṣebí wọ́n ti rí i, kí ni owó àyẹ̀wò mìíràn wà fún?"

Ẹ̀dọ̀ tó ti le rí kókókókó bí ẹ̀yìn ọ̀nì. Èwo ni jẹjẹrẹ níbẹ̀? Iṣan tó ń ti ọkàn bọ̀ ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ sábà máa ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá ti wọlé, kókó náà á kọ́kọ́ tàn yanran nínú àwòrán. Kò ní pẹ́ tí á fi ṣókùnkùn ju ẹ̀dọ̀ tó yí i ká lọ. Ẹni tó bá ya MRI láìgba abẹ́rẹ́ ò lè rí ìyẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, èyí nìkan ti tó kí dókítà fi mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni, láìgé ẹran lára ẹ̀dọ̀ lọ yẹ̀ wò. (Ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú, kó tètè sọ kí wọ́n tó gún un.)

Àjọ la dá ká tó rówó san. Ẹ bá wa bi ìjọba Ọ̀yọ́: ṣé wọn ò lè ràn wá lọ́wọ́ lórí owó àyẹ̀wò yìí?

Òǹkàwé yín,
Bẹẹrẹ, Ìbàdàn