Kúnlé, ọ̀rá kì í ṣe ẹrù lásán

Kúnlé ọ̀rẹ́ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ẹ̀rín pa mí níbi tí o ti ní ẹrù lásán ni ọ̀rá inú ara. Rárá o!

O ní wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, wọ́n sì kọ iye tẹstosítẹ́róònù rẹ, ìyẹn hòmóònù ọkùnrin, fún ọ, o wá gbà pé gbogbo èyí tó wà lára rẹ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kọlẹ́sítẹ́róòlù ni ara fi ń ṣe irú hòmóònù yìí, ọmọ epo ni wọ́n, epo kì í sì í bá omi rẹ́. Púrótéènì ló ń pọ̀n wọ́n kiri nínú ẹ̀jẹ̀, pàápàá SHBG àti albumin. Nínú tẹstosítẹ́róònù 100, bíi 2 péré ló ń dá rìn. Àmọ́ bí wọ́n bá ti kan ọ̀rá, wọ́n délé nìyẹn.

Ní 1985, àwọn olùwádìí Deslypere, Verdonck àti Vermeulen wọ̀n irú hòmóònù wọ̀nyí nínú ọ̀rá àti nínú ẹ̀jẹ̀: púpọ̀ nínú wọn ló ki jù nínú ọ̀rá. Ìwọ náà ṣírò ó. Ẹni tó wọn kìlógíráàmù 70, tí ìdá kan nínú márùn-ún ara rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá, kìlógíráàmù 14 ọ̀rá ló ń gbé kiri, bẹ́ẹ̀ omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ju bíi lítà 3 lọ: inú ọ̀rá ni púpọ̀ wọn wà. (Hòmóònù DHEA tó so mọ́ sulphate ò sí lára wọn o: omi lòun ń yọ́ sí, inú ẹ̀jẹ̀ ló sì ń pọ̀ sí.)

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé ọ̀rá kì í ṣe àká nìkan. Ó ń rọ nǹkan bí alágbẹ̀dẹ! Aromatase, ẹ́ńsáìmù kan tó wà nínú rẹ̀, ń sọ hòmóònù ọkùnrin di ẹ́sítírójìn, hòmóònù obìnrin. Bí nǹkan oṣù obìnrin bá ti dáwọ́ dúró pátápátá, inú ọ̀rá ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ́sítírójìn rẹ̀ ti ń wá. Ọ̀rá tún ń jí cortisone, hòmóònù kan tó ti sùn, á sọ ọ́ di cortisol tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gan-an, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà lápá sì lè má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Má torí èyí ju èsì rẹ nù o. Dókítà mọ ohun tó ń wá níbẹ̀. Àmọ́ bí èèyàn bá sanra, SHBG rẹ̀ sábà máa ń wálẹ̀, iye tẹstosítẹ́róònù tí wọ́n kọ á sì bá a wálẹ̀. Ṣé wọ́n kọ SHBG sí tìrẹ? Bó bá wà níbẹ̀, yà á ní fọ́tò kí o fi ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Dúpẹ́